Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù Ránṣẹ́ Síra Yín Nígbà Tí Nẹ́tíwọọ̀kì Bá Lọ

Briar ni kí ẹ lò, app tó lè gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù kan sí èkejì nípasẹ̀ Bluetooth láìsí nẹ́tíwọọ̀kì. Ọ̀fẹ́ ni lórí Play Store, ní ti fóònù, Android nìkan ló sì wà fún. Bí iPhone ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá Android àlòkù kan ní Computer Village, Ìkẹjà. Ojú ẹ̀ ì báà ti sán, bí kámẹ́rà àti Bluetooth ẹ̀ bá ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ password yín sínú ìwé, torí bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni fífi ara wọn kún app náà. Wọ́n rò pé Briar máa mú nọ́ńbà inú fóònù bíi ti WhatsApp. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó pọ̀, ẹ tan Bluetooth àti location fóònù méjèèjì, ẹ tẹ àmì +, kí ẹ yan "Add contact nearby". Àmì QR máa jáde lójú fóònù kọ̀ọ̀kan: fóònù yín máa skáànù ti ẹnì kejì, tiẹ̀ náà máa skáànù tiyín. Ẹnì kan á skáànù tán, á gbé fóònù ẹ̀ kúrò, gbogbo ẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ má mira títí orúkọ á fi jáde lójú fóònù méjèèjì. Ẹ má ṣe é nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kámẹ́rà kì í ríran dáadáa níbẹ̀.

Ẹ wá fi fóònù sí airplane mode, ẹ tan Bluetooth padà, kí ẹ ránṣẹ́ síra yín láti dán an wò. Bí kò bá lọ, ẹ lọ sí settings bátìrì, kí ẹ gba Briar láyè láti máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, torí fóònù máa ń pa app láti tọ́jú bátìrì. Gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni kí ẹ dán an wò.

Bluetooth kì í kọjá nǹkan bíi mítà 10, ògiri búlọ́ọ̀kù sì ń dín in kù. Nínú ilé alájà mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ dá forum kan (ibi tí gbogbo yín ti lè jọ sọ̀rọ̀) sílẹ̀ nínú Briar, kí ẹ pe gbogbo ilé sí i: fóònù ẹni àárín á gba ọ̀rọ̀ ẹni ìsàlẹ̀, á gbé e fún ẹni òkè, bí wọ́n bá ti fi ara wọn kún. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì péré kì í gba ara fóònù ẹlòmíì kọjá.

Aládùúgbò tí kò ní app ńkọ́? "Share this app offline" wà nínú Briar. Á gbà á lórí Wi-Fi fóònù yín láìsí dátà.

Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ kọ́kọ́ pe 112, tàbí 767 ní Èkó. Bí dátà nìkan ló lọ, ẹ fi SMS ránṣẹ́ sí ará ilé. Ó máa ń lọ lórí nẹ́tíwọọ̀kì tí kò lágbára tó láti gbé ìpè.