Bí Àwọn Ọmọ Olóògbé Ṣe Ń Yanjú Ilé Ogún Tí Ẹ̀yáwó Reverse Mortgage Wà Lórí Rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, òbí tó ti pé ọmọ ọdún 62 lè fi ilé tó ń gbé yá owó, kó má sì san gbèsè náà lóṣooṣù níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé inú rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní reverse mortgage. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ni HECM (Home Equity Conversion Mortgage), tí ìjọba àpapọ̀ ṣe onídùúró fún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni èlé ń gorí owó, nígbà tí òbí náà bá sì kú, gbogbo gbèsè náà di sísan. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè nìkan ni àwọn ọmọ jogún. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ti ń pín ilé kí wọ́n tó mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sọ fún ayánilówó pé òbí yín ti kú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìwé ìhágún bá yàn láti bójú tó ogún ló yẹ. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ ni yóò fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ. Jíjẹ́ àkọ́bí nìkan kò tó.

Ayánilówó yóò fi ìwé ránṣẹ́ pé gbèsè ti di sísan. Láti ìgbà náà, ẹ ní 30 ọjọ́ láti sọ bóyá ẹ ó san án, ẹ ó ta ilé, tàbí ẹ ó fi ilé sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè sún un síwájú di oṣù 6, kí wọ́n sì tún fi 90 ọjọ́ kún un lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ ń ṣe nǹkan sí i. Èlé kò dúró ní gbogbo àkókò yìí.

Ẹ wá béèrè iye gbèsè náà ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídíyelé ilé wá wò ó. Ká ní ilé náà tó 300,000 dọ́là, gbèsè sì jẹ́ 180,000, tí ọmọ sì jẹ́ mẹ́ta. Owó tó kù jẹ́ 120,000, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 40,000. Ẹni tó bá fẹ́ mú ilé yóò wá 260,000: 180,000 fún ayánilówó, 40,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì tó kù. Bí kò bá ní in lọ́wọ́, àfi kó lọ gba ẹ̀yáwó ilé tuntun ní orúkọ ara rẹ̀, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tà á, ẹ yọ ìnáwó títà kí ẹ tó pín in.

Bí gbèsè HECM bá ju iye ilé lọ, ẹ má fòyà. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní fi owó àpò rẹ̀ san ìyókù. Ọmọ tó bá fẹ́ ilé náà lè gbà á ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé e. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ ẹ, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ayánilówó.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń gbé inú ilé náà ló máa ń le jù. Òfin lè dáàbò bo ọkọ tàbí aya olóògbé bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n pé ọmọ ti tọ́jú òbí rẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò dá gbèsè dúró. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan san án fún un, ẹ yọ ọ́ nínú owó tó kù, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Bákan náà ni kí ẹ kọ ẹni tó ń san owó orí ilé àti owó adójútòfò sílẹ̀, nítorí ilé kò gbọdọ̀ wà láìsí ìwọ̀nyí títí ẹ ó fi parí, owó ẹni tó san wọ́n ni kí ẹ sì kọ́kọ́ dá padà kí ẹ tó pín ìyókù.

Ẹ tọ́jú ìwé tí wọ́n fi díyelé ilé náà dáadáa, kí iye tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjọ́ tí òbí kú. Iye yẹn ni wọ́n sábà ń fi ṣírò owó orí tí ẹ ó san lórí èrè bí ẹ bá ta ilé náà.