Ẹ fi kànrìnkàn onírin dán an wò: ìdí tí omi tín-ínrín fi ń yára ṣiṣẹ́ ju omi kún kọ́ọ̀pù lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin tó bá rì sómi pátápátá ló máa tètè dípẹtà jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àmọ́ èyí tó kàn tutù lásán, tí omi bò lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, ẹ sì lè fojú ara yín rí i.

Ẹ wá kànrìnkàn onírin tó rí wínníwínní, kì í ṣe èyí tó ń dán tí kì í dípẹtà yẹn o, ìyẹn ò ní ṣe nǹkan kan títí á fi sú yín. Ẹ tún wá fínígà, iyọ̀, kọ́ọ̀pù gíláàsì tó ga àti abọ́ pẹlẹbẹ kan.

Ẹ já kànrìnkàn yẹn sí méjì, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró ara ẹ̀ kúrò, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú fínígà fún bíi ìṣẹ́jú 10 kí ojú irin lè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po bílíìṣì mọ́ fínígà láé, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ lóró. Tẹ́ ẹ bá ti ṣàn án tán, ẹ po ṣíbí iyọ̀ kan mọ́ omi kún kọ́ọ̀pù.

Ẹ wá ti ọ̀kan wọ ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀pù náà, kẹ́ ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ dáadáa, torí afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín okùn irin yẹn, ẹ máa rí i tó ń yọ fóò wá sókè, tí ẹ ò bá lé e jáde á da gbogbo ẹ̀ rú. Ìkejì, ẹ rì í bọ omi iyọ̀ kan náà, ẹ fún un, ẹ tú u ká sórí abọ́. Tó bá fẹ́ gbẹ, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, torí tó bá gbẹ tán iṣẹ́ dúró nìyẹn. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín èwo ló pupa jù.

Kí ló fà á? Irin nílò ọ́síjìn kó tó lè dípẹtà, bẹ́ẹ̀ lítà omi kan ò gbà ju bíi mílígíráàmù 8 lọ, nígbà tí lítà afẹ́fẹ́ kan ní nǹkan bíi 270. Ọ́síjìn inú omi tó dúró jẹ́ẹ́ kì í sáré rárá, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ọ̀mùtí tí ò mọ̀nà ilé, tí ọ̀nà ẹ̀ bá fi ìlọ́po 10 gùn sí i, àsìkò tó máa gbà á di ìlọ́po 100. Láti la omi mìlímítà 0.1 kọjá, bíi ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3 ti tó. Láti la sẹ̀ǹtímítà 5 kọjá ńkọ́? Bí ọ̀sẹ̀ kan! (Omi kọ́ọ̀pù kì í dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣá, ooru díẹ̀ máa ń rò ó pọ̀.)

Nínú ìkán omi kéékèèké, kẹ́míkà tún máa ń yára ṣiṣẹ́ jùyẹn lọ. Omi mílílítà 1 tó bá jẹ́ ìkán róbótó kan, ojú ẹ̀ ò pé sẹ̀ǹtímítà sìkúwíà 5, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fọ́n ọn sí ìkán tó fẹ̀ ní mìlímítà 0.001, ojú gbogbo wọn lápapọ̀ á tó mítà sìkúwíà 6. Mólíkù, ìyẹn ẹyọ kẹ́míkà tó kéré jù, tó wà láàárín gbùngbùn, omi dì í mú yíká, èyí tó wà lójú omi ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣófo, ó rọrùn fún un láti ṣiṣẹ́ lára ẹlòmíì. Omi tún ń fẹ́ lọ, kẹ́míkà tó kù ń ki sí i. Graham Cooks, onímọ̀ kẹ́míkà, àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti fi irú ìkán bẹ́ẹ̀ dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni Richard Zare, onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Stanford, àwọn iṣẹ́ kẹ́míkà kan tó ń gba wákàtí nínú ìgò máa ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kì í ṣe gbogbo kẹ́míkà o, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí èwo ló ń ṣe gudugudu jù nínú àwọn ìdí yìí.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kànrìnkàn kù, ẹ ki ìdajì ẹ̀ bọ omi, kí ìdajì yọrí síta, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ń gùn ún díẹ̀díẹ̀ yẹn.