Bí Àwọn Ọmọ Kíláàsì Wa Ṣe Mọ Owó Onírin Kà

Ìṣòro tí a ní nínú kíláàsì wa ní Abẹ́òkúta ni pé iye ẹyọ irin ni àwọn ọmọ ń kà, wọn kì í ka iye owó tí ó dúró fún: bí mo bá kó àádọ́ta kọ́bọ̀ méjì àti náírà kan sílẹ̀, wọn á ní náírà mẹ́ta ni. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ó ti ṣọ̀wọ́n kí èèyàn fi owó onírin ra nǹkan ní ọjà Ìtòkú tàbí ọjà Kútọ̀.

Àwòrán ara owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nínú èyí tí ìjọba kó jáde lọ́dún 2007, àgbàdo ló wà lára àádọ́ta kọ́bọ̀, Herbert Macaulay wà lára náírà kan, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì wà lára náírà méjì.

Pàṣípààrọ̀ ló wá yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ọmọ tó bá fẹ́ gba náírà kan lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to àádọ́ta kọ́bọ̀ méjì sórí páálí, kí ó sì wí i sókè pé ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ti pé. Ẹni tí kò bá rí owó náà púpọ̀ lè tẹ́ bébà lé e, kí ó fi pẹ́ńsùlù rá a lórí títí àwòrán rẹ̀ yóò fi hàn, kí ó sì gé e jáde.