Fóònù àti quiet time: àwọn àṣìṣe tá à ń ṣe láàárọ̀ kùtù

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, gbogbo ìgbà kọ́ ni èṣù máa ń ba quiet time wa jẹ́, ìyẹn àkókò tá a fi ń dá ka Bíbélì tá a sì ń gbàdúrà láàárọ̀, fóònù tá a tẹ́ sábẹ́ pílò ló ń ṣe é. Ògbómọ̀ṣọ́ tá a wà yìí, láti 1898 ni wọ́n ti ń kọ́ pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi níbí, Bíbélì kíkà láàárọ̀ ò ṣàjèjì sí wa rárá, àwọn bàbá wa ń kà á nídìí àtùpà, àkùkọ ló ń jí wọn. Àwa, fóònù ló ń jí wa, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yín ṣe álààmù. Ẹ fẹ́ pa á lásán ni o, àmọ́ ọwọ́ ti kan WhatsApp, ẹ sì mọ̀ pé gúrúùpù kan lè gba èèyàn tó 1,024, ká ní ìdajì wọn ló ń fi àwòrán òdòdó kí ara wọn káàárọ̀ ńkọ́? Ẹ ra aago kékeré tó ń lo bátìrì ní Takie. Tí kò bá sówó aago, ẹ fi fóònù sí airplane mode kẹ́ ẹ tó sùn kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, álààmù máa dún, ẹ̀rù tó ń bà yín pé kò ní dún yẹn ò nídìí.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni kéèyàn máa ka Bíbélì orí fóònù kí dátà sì wà ní títàn. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí: ẹ ṣí Jòhánù orí 15, ẹ ti ka ti àjàrà tòótọ́ dé ẹsẹ kejì, nǹkan bá já wálẹ̀ lókè ojú fóònù, Ìyá Alájọ ni, owó ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́ o? Ẹ ní kẹ́ ẹ kàn sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀ wáá san án, ẹ bá wọlé síbẹ̀, ẹ rí status àbúrò yín tó wà ní Kánádà, aṣọ tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ta wá lẹni tó dúró tì í yẹn, ẹ fọwọ́ fẹ àwòrán náà kẹ́ ẹ lè rí i dáadáa, ìgbà tẹ́ ẹ máa fi padà sí Jòhánù, ọmọ ti ń bèèrè ẹ̀kọ́. Ẹsẹ kẹrin tí Jésù ti ní ká máa gbé inú òun, ẹ ò tíì débẹ̀ o.

Alẹ́ lẹ ti gbọ́dọ̀ tún un ṣe. YouVersion, áàpù Bíbélì orí fóònù, máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe download àwọn Bíbélì kan kó lè kà wọ́n láìsí dátà, ẹ ṣe é lálẹ́ kẹ́ ẹ wáá pa dátà kẹ́ ẹ tó sùn. Tàbí kẹ́ ẹ gbé Bíbélì oníwèé jàre, èyí tí Àjàyí Crowther ọmọ Òṣogùn àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é túmọ̀, tó parí ní 1884, kò nílò ṣáàjì.

Àwọn kan á tún gbọ́ èyí tán, wọ́n á pa fóònù pátápátá títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, ìyá wọn á sì máa ṣàìsàn níbì kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Do Not Disturb, ètò orí fóònù tó ń jẹ́ kó dákẹ́, wà fún irú èyí, ẹ lè yan àwọn tí ìpè wọn máa wọlé, ẹ sì lè ní kó jẹ́ kí ẹni tó bá pè lẹ́ẹ̀mejì léraléra wọlé. Àwọn yòókù á dúró. Nínú Máàkù orí 1, Jésù dìde kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ gbàdúrà níbi tó dá, Símónì wá a kàn, ó ní gbogbo èèyàn ló ń wá a, síbẹ̀ ìlú mìíràn ni Jésù ní kí àwọn lọ.

Mẹ́sáàjì ìpolówó tó ń wọlé ṣáá ńkọ́? Ẹ kọ STOP, ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Láti 2016 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti ní káwọn ilé iṣẹ́ fóònù gbà á, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Ẹ má dúró de iná kẹ́ ẹ tó kàwé, tọ́ọ̀ṣì tó. Ẹ má ka “fi ránṣẹ́ sí èèyàn 10” kún àdúrà. Àti àwọn tó ń ya fọ́tò Bíbélì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, háà! Nínú Mátíù orí 6, Jésù ní ká wọ ìyẹ̀wù ká tilẹ̀kùn, ẹ wáá gbé ìyẹ̀wù sórí status.

Ẹ tún ro ti aládùúgbò. Ẹ pa spíkà Bluetooth lálẹ́, kó má máa fi èèbó kéde pé bátìrì ẹ̀ ti ń lọ nígbà tẹ́nì kan ń gbàdúrà ní yàrá kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń tan jẹnẹrétọ̀ láago márùn-ún ìdájí torí àdúrà orí Zoom, ẹ ṣàánú wa, ẹ má gbé e sẹ́nu fèrèsé ẹnikẹ́ni, ariwo ẹ̀ ṣì ṣeé fara dà, èéfín ẹ̀ ló ń pààyàn.