Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Bá Ń Ran Ara Wọn Lọ́wọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà lónìí gba ìwé-ẹ̀rí wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó so mọ́ ilé-ìwòsàn, kì í ṣe ní yunifásítì. Lóòótọ́, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gboyè láti 1965, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó ti lọ́mọ, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń gbọ́ bùkátà ilé, kò lè fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó lọ máa gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni ó ṣílẹ̀kùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. NOUN, ìyẹn yunifásítì àjìnnà ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun dá dúró ní 1984, tí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí dìde ní 2002, ń gba nọ́ọ̀sì tí ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àjìnnà ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó ti wà láti 1988, náà ń gba irú wọn.

Ní 1989, Michael G. Moore, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àjìnnà, pín ìbáṣepọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó wà láàárín òun àti ohun tí ó ń kà, èyí tí ó wà láàárín òun àti olùkọ́, àti èyí tí ó wà láàárín òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Yunifásítì lè pèsè ìwé, ó sì lè pèsè olùkọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìbáṣepọ̀ kẹta yìí, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni ó wà. Àwọn nọ́ọ̀sì kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá: bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, ẹgbẹ́ WhatsApp ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi inú rere gba ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́.

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹnì kan máa ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní NOUN, iṣẹ́ àṣetiléwá tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí TMA ni ó ń kó 30 nínú 100 máàkì, ìdánwò sì ń kó 70. Ẹni tí ó wà ní iṣẹ́ òru fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko yóò rí i pé ọjọ́ tí TMA yóò parí ti ń sún mọ́lé, yóò sì bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun dáhùn rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ náà mọ bí iṣẹ́ òru ṣe ń rí lára, kò ní fẹ́ sọ pé rárá, nítorí náà yóò gba nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni náà, yóò sì ṣe é tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójú àwọn méjèèjì, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ṣe TMA ti sọ ìgbà kan ṣoṣo tí ì bá fi mọ ibi tí ìwé kò ti yé e nù, yóò sì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ bá 70 tí kò sí ẹni tí ó lè bá a gbé. Bí yunifásítì bá sì mọ̀, ẹni tí ó ṣe é àti ẹni tí a ṣe é fún ni yóò jọ jẹ́jọ́ rẹ̀. Èyí tí ó wúwo jùyẹn lọ ni pé ìmọ̀ tí a fò lórí ìwé yìí kan aláìsàn: ẹni tí kò jókòó ti ìṣirò ìwọ̀n oògùn títí ó fi yé e kò lè rí ẹlẹgbẹ́ tí yóò bá a ṣírò rẹ̀ ní aago 3 òru, nígbà tí òun nìkan ṣoṣo wà ní wọ́ọ̀dù.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ bí a ṣe ń ran ara ẹni lọ́wọ́ láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Nínú àáró, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń lọ sí oko ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kálukú ni ó ń gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá, olóko gan-an sì wà lára àwọn tí ń ro ó. Bí ó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì rí nìyí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gbìyànjú ìbéèrè náà fúnra rẹ̀, kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì mú èyí tí ó rú u lójú wá sí àárín ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni láti ṣàlàyé ọ̀nà tí òun gbà dé ibẹ̀, kì í ṣe láti ju lẹ́tà A tàbí C sílẹ̀ kí ó máa lọ. Mo mọ̀ pé ó gba àkókò ju èkejì lọ, àkókò sì ni ohun tí nọ́ọ̀sì kò ní, síbẹ̀ èmi kò rí ọ̀nà àbùjá kankan níbí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ipò tún máa ń mú àṣìṣe yìí lágbára. Nínú ẹgbẹ́ kan náà ni a ti lè rí nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ àti mátíróònù tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ó fẹ́ gboyè kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọdé inú wọn mọ kọ̀ǹpútà dáadáa. Àgbà inú wọn mọ aláìsàn dáadáa. Àǹfààní ńlá ni ó yẹ kí èyí jẹ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lè dí i lọ́nà bí a kò bá fọgbọ́n ṣe é. Àgbà yóò máa tijú láti béèrè ohun tí kò mọ̀ lójú àwọn tí ó ń pàṣẹ fún ní wọ́ọ̀dù, ọmọdé náà kò sì ní lè sọ pé ìdáhùn tí Màmá kọ kò tọ̀nà. Nígbà tí mátíróònù bá wá sọ pé, "Ọmọ mi, bá mi ṣe é, ojú mi ò gbé e mọ́," ta ni yóò kọ̀ fún un?

Kíkọ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a ṣe, ṣíṣe é fún un náà sì kọ́. Kí ọmọdé sọ pé, "Mà, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín, ẹ̀yin ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, èmi á máa sọ ibi tí ó kàn." Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ wà nípò rẹ̀, ọwọ́ àgbà náà sì ń mọ́ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ní gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, òun nìkan ni yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ. Kí ẹgbẹ́ sì bi àwọn àgbà ní ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Ìwé lè sọ pé kí a máa wo àmì báyìí lára obìnrin tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ; ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gbẹ̀bí yóò sọ èyí tí ó máa ń kọ́kọ́ yọjú, àti èyí tí a máa ń fojú fò. Ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọdé nìkan ti ń sọ̀rọ̀, tí àwọn àgbà kàn ń fi àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín ránṣẹ́, ti pàdánù ìdajì ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí àṣìṣe títí yóò fi di ẹjọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń jíròrò ohun tí wọ́n kà, ó rọrùn kí ẹnì kan ya àwòrán ojú ọgbẹ́ aláìsàn, tàbí ojú ìwé fáìlì rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ pé, "Ẹ wo irú èyí tí a kà lánàá." Ẹ má ṣe dán an wò. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 sọ ní abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìlera àti ìtọ́jú ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 náà sì tún kín in lẹ́yìn. Pípa orúkọ rẹ́ kò tó: aṣọ ìbora ilé-ìwòsàn, nọ́ńbà ibùsùn, ilà ojú aláìsàn, tàbí ìlú kékeré tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ lè tú àṣírí ẹni náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ohun tí ó rí ní wọ́ọ̀dù kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sọ ọ́ lẹ́nu, kí ó yọ ọjọ́, ibi àti gbogbo ohun tí ó lè tọ́ka sí ẹni náà kúrò, kí àwòrán má sì sí níbẹ̀ rárá.

Nípa títóbi ẹgbẹ́, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. WhatsApp gba ènìyàn 1,024 láàyè nínú ẹgbẹ́ kan, kò sì sí bí irú ọ̀pọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ ṣe lè kàwé pọ̀. Ibẹ̀ dára fún ìkéde, ṣùgbọ́n ìkéde gan-an gbọ́dọ̀ ti ojúlé yunifásítì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ wá; ọjọ́ ìdánwò tí ẹnì kan kàn tàtaré láìmọ orísun rẹ̀ ti mú kí àwọn ènìyàn pàdánù ìdánwò. Fún ìkẹ́kọ̀ọ́, ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà tó, kí ọjà títà àti ìròyìn ìrìn-àjò òkè òkun sì wà níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti yàtọ̀ sí ti olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì tí òun náà ń kàwé láti ọ̀nà jíjìn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ìpàdé rẹ̀ sí aago 9 alẹ́ ní gbogbo ìgbà ti ti àwọn tí ó wà ní iṣẹ́ òru síta láìmọ̀. Bí àwọn yẹn bá tún fẹ́ dara pọ̀, a ó ní kí wọ́n wá ní aago 10 àárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà fi hàn ní 1997 pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé 0.05 nínú 100, ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ bá lára awakọ̀. Kò sí ohun tí irú orí bẹ́ẹ̀ yóò gbà sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, ó sì tún lè máa padà sí wọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà láìsùn. Kí ẹgbẹ́ gba ìwé dúútì ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá ti jáde, kí wọ́n fi wọ́n síwájú ara wọn, kí wọ́n sì mú ọjọ́ tí ó gba ẹni tí ó pọ̀ jù lọ. Ẹni tí kò bá lè wá, kí a gba ohùn ìjíròrò náà sílẹ̀ fún un, kí òun náà sì fi ohùn dáhùn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ó bá jí, kí ó má baà di ẹni tí ó kàn ń gbọ́ lásán.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀rọ̀ gbígba dúútì fún ara ẹni. Bí ìdánwò bá dé, àwọn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn kan náà máa ń bá ara wọn sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bá mi dúró, mo ń bọ̀ ní ọ̀sán." Ẹni tí a fi sílẹ̀ yóò wá dá bójú tó aláìsàn tí ó yẹ kí ẹni méjì bójú tó, bí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀, orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ó wà nínú ìwé. Àtìlẹ́yìn kọ́ ni èyí, ewu ni fún aláìsàn àti fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì. Nígbà tí àtẹ ìdánwò bá ti jáde, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ilé-ìwòsàn náà jọ kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n mú un lọ bá mátíróònù kí ó tó ṣe ìwé dúútì oṣù náà, kí pàṣípààrọ̀ èyíkéyìí sì wà ní àkọsílẹ̀. Ohùn ẹni márùn-ún tí ó jọ lọ máa ń dé ibi tí ohùn ẹnì kan kò dé.

Àṣìṣe kan tún wà tí kì í pariwo. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa láti máa béèrè bí ara ẹlòmíràn ṣe rí kí a sì gbé tiwa mì. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dákẹ́ nínú ẹgbẹ́, a máa ń rò pé iṣẹ́ ni ó pọ̀, tàbí pé kò fẹ́ràn ìwé mọ́, kí a tó mọ̀, ó ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa pe ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó pè é lórí fóònù, kì í ṣe kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín gbogbo ènìyàn. Bí ohun tí ó ń ṣe é bá ju agbára ẹgbẹ́ lọ, olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní àwọn ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ NOUN fún irú rẹ̀, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ sì lè bá a débẹ̀.

Ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ yìí sì máa ń pọ̀ jù ni ẹ̀yìn ìdánwò. Bí a bá ti kọ ìwé tó kẹ́yìn tán, ẹgbẹ́ yóò tú ká, kálukú yóò padà sí wọ́ọ̀dù àti ilé rẹ̀, èsì kò sì ní jáde lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó bá jáde, àwọn tí ó yege yóò máa gbé máàkì wọn sórí WhatsApp, àwọn mìíràn yóò máa bá wọn yọ̀, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ méjì kù yóò sì máa ka gbogbo rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Kí ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé èsì rẹ̀ síta nínú ẹgbẹ́. Kí wọ́n sì ti dá ìpàdé kan sí ọ̀sẹ̀ tí èsì bá jáde, níbi tí ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ kù yóò ti sọ èyí tí ó jẹ́, tí ẹnì kan tí ó yege nínú rẹ̀ yóò sì gbà láti bá a kà á lẹ́ẹ̀kejì.