Ọpọlọ kì í ṣe oko kòkó: àṣìṣe tí a máa ń ṣe nípa BDNF

Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé ike oògùn kan wá bá mi ní kẹ́míìsì mi lẹ́bàá Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. "Ìyá Dámi, bá mi wò ó. Wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ hù, BDNF ló wà níbẹ̀."

"Ẹ má lò ó, sà."

BDNF jẹ́ púrótéènì kan tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn èròjà ìdàgbàsókè. Inú "hù" yẹn gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Oǹdó mọ ajílẹ̀. Tí wọ́n bá ti pe nǹkan ní èròjà ìdàgbàsókè, oko kòkó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: da púpọ̀ sí i, kó so púpọ̀. Orúkọ yẹn náà ló fa wàhálà. Rita Levi-Montalcini tó ṣàwárí NGF (èròjà ìdàgbàsókè iṣan), àkọ́kọ́ irú wọn, láwọn ọdún 1950, ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì pa ló ti rí i tí okùn iṣan ń ta jáde yí ká. Òun àti Stanley Cohen gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. BDNF ní tirẹ̀, inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Barde àti Thoenen ti yọ ọ́ ní Jámánì ní 1982. Àmọ́ lọ́pọlọ àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń bá ara wọn sọ ló ń bójú tó.

Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọ̀kan á tú kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glutamate sílẹ̀, èkejì á gbà á. Tí BDNF bá bọ́ sínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, TrkB, èyí tó ń sọ̀rọ̀ á tú púpọ̀ sí i, etí èyí tó ń gbọ́ á sì là sí i. Ó dà bí ìgbà tí ìyá aláta sún mọ́ oníbàárà rẹ̀ láàárín ariwo ọjà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ gan-an ni ọpọlọ ti ń tú BDNF sílẹ̀. Tí gbogbo ọjà bá pariwo pọ̀, ta ni yóò gbọ́ ta ni? Kí ara sì tó gé BDNF kúrú sí bó ṣe yẹ, proBDNF ni wọ́n ń pè é; ihò kọ́kọ́rọ́ mìíràn, p75, ló ń lọ bá, ó sì máa ń dẹ ìdè àárín sẹ́ẹ̀lì méjì. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, èyí tí a kò tíì rẹ ló ń pani.

Gbígbé e mì ló wá ń gba owó lọ́wọ́ wa jù. Púrótéènì ni, inú á yọ́ ọ bó ṣe ń yọ́ ẹyin tí ẹ jẹ láàárọ̀. Odi kan tún wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí kì í jẹ́ kó ráyè kọjá. Láwọn ọdún 1990, àwọn dókítà ní Sweden da NGF tààrà sínú orí àwọn aláìsàn Alzheimer (àrùn tó ń jẹ ìrántí) mẹ́ta. Ẹ̀yìn ríro àti rírù ló bá a dé.

Ẹ má sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítorí rẹ̀ náà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, torí náà àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ iye tó wà nínú ọpọlọ fún yín.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àwọn tí dókítà kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún, tí wọ́n lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n jù ú nù. Serotonin, kẹ́míkà ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, lè yí padà láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ BDNF kì í yára. Nínú ọpọlọ eku tí wọ́n fún ní irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí BDNF tó gòkè. Ẹ má dá a dúró láìsọ fún dókítà.

"Kí ni kí n wá ṣe?" Bàbá bi mí.

Mo sọ fún wọn nípa ìwádìí àgbàlagbà 120 tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011. Àwọn tó ń rìn fún ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan, apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ìrántí fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gun àtẹ̀gùn Ìdànrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo o.)

Bàbá ní àwọn máa lọ gbowó padà ní Òkè-Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti rà á. Wọ́n ti ń nawọ́ sí ọ̀kadà. Mo ní, "Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, sà."