Ọwọ́ Tó De Páàtì Ló Ń Bà Á Jẹ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Tún Ọkọ̀ Wa Ṣe Fúnra Wa

Mo ti rí páàtì tuntun tó bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹni tó rà á sì ń bínú sí ẹni tó tà á. Nígbà tí a tú u wò, páàtì náà kò ní àbùkù kankan. Bí wọ́n ṣe dè é ló pa á. Irú èyí pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, ó sì ń dùn mí, torí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni sùúrù tí ì bá gba owó náà là.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é nìkan ra páàtì. Ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, lè ní oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì, dísìkì bíréèkì wọn (àwo irin tí bíréèkì ń fún mú) sì lè má dọ́gba. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, ni kí ẹ fi wá a. Bí ẹ bá ti tú ti àtijọ́ kúrò, ẹ gbé òun àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ ka ihò bóòtù, ẹ ka eyín, ẹ wọn gígùn, ẹ wo ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ má fi òòlù tàbí fáìlì yanjú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ má sì ju ti àtijọ́ nù títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Gbígbé ni iṣẹ́ jáàkì. Orí ẹsẹ̀ irin tó lágbára, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, ni kí ọkọ̀ jókòó lé kí ẹ tó wọlé. Lórí èyí, mi ò ní àyè fún àríyànjiyàn.

Àṣìṣe tó tẹ̀lé e ni kí èèyàn má fọ ibi tí páàtì máa jókòó sí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pẹ̀lú fílítà ọ́ìlì. Rọ́bà fílítà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, mi ò sì wò ó, mo de tuntun lé e lórí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo tan ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì fi bo ilẹ̀. Rọ́bà méjì tó gun ara wọn kò lè di ọ́ìlì tó ń fi agbára tì í mú. Ká ní ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀ ni, ẹ́ńjìnnì ì bá ti kú. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi ìka kan ojú ibẹ̀ yíká kí n tó gbé tuntun sí i. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ kùn rọ́bà tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà á fi kan irin, kí ẹ wá fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un. Kò nílò sípánà.

Bákan náà ni ti dísìkì bíréèkì. Bí ìpẹtà bá wà lójú irin tí dísìkì ń jókòó lé, dísìkì tuntun máa yí ní wíwọ́, sítíárìn á sì máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ẹ fọ ọ́ìlì tí wọ́n fi dáàbò bo dísìkì tuntun lọ́wọ́ ìpẹtà kúrò pẹ̀lú.

Ti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gaskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dára tó. Èyí tó bá yọ sínú máa já, á bá ọ́ìlì lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á sì dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti tó.

Ibi tí mo ti rí ìbàjẹ́ jù ni bóòtù dídè. Ẹ má fi sípánà bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi yí bóòtù tàbí púlọ́ọ̀gì fún ìyípo mélòó kan. Ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀ títí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n lára pé ó jábọ́ sínú ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ wá yí i síwájú. Bó bá ń ṣagídí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọlé ní wíwọ́ nìyẹn. Ẹ tú u padà, torí pé bí ẹ bá fipá mú un, ẹ̀ ń gé ojú ihò jẹ ni. Orí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe kì í fara da irú ẹ̀.

Ẹ má fi agbára apá ṣe òṣùwọ̀n. Sípánà tó ń wọn agbára wà, iye tó yẹ sì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Gbígbẹ ni ìwé máa ń fọkàn sí pé bóòtù wà, àyàfi tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ bá fi gíríìsì kùn ún, ó máa yọ̀, iye kan náà á wá fà á ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn bóòtù orí ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń nà díẹ̀ nígbà tí a bá dè wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lo irú wọn. Ní ti nọ́ọ̀tì táyà, ẹ máa fo láti èyí dé òdìkejì rẹ̀, ẹ má tò wọ́n yípo.

Búùṣì onírọ́bà tó wà nínú apá tó gbé táyà ní àṣìṣe tirẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá de bóòtù rẹ̀ le nígbà tí táyà ń fì lókè, ipò yẹn ni rọ́bà náà gbà pé ó jẹ́ ibùjókòó òun. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà á lọ́ pọ̀, á sì máa wà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí á fi ya. Ẹ kàn fọwọ́ bà á wọlé, ẹ gbé ìwúwo ọkọ̀ lé táyà, kí ẹ tó dè é le.

Bẹ́ẹ̀rìn, ìyẹn òrùka méjì tó ní bọ́ọ̀lù láàárín tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere, kò fẹ́ òòlù. Bó bá ń wọ inú ihò, òrùka ìta ni kí ẹ tì. Bó bá ń wọ ara ọ̀pá, òrùka inú ni. Bí agbára bá gba àárín àwọn bọ́ọ̀lù kọjá, ó ti di ariwo ọ̀la.

Torí pé ọ́ìlì bíréèkì la máa ń pè é, àwọn kan rò pé ọ́ìlì yòówù lè dípò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí àwọn rọ́bà inú bíréèkì wú, bíréèkì á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. DOT ni àmì tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bíréèkì sí oríṣi. DOT 5 kì í ṣe ẹgbẹ́ DOT 3 tàbí DOT 4, kò sì gbọ́dọ̀ pàdé wọn, DOT 5.1 yàtọ̀ sí DOT 5. Ohun tí wọ́n kọ sórí ọmọrí agolo rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì bíréèkì, ẹ má jẹ́ kí kalípà, ìyẹn irin tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì, so rọ̀ sára rọ́bà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà kọjá, ẹ fi wáyà so ó mọ́ nǹkan tó le. Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ jọ pààrọ̀. Bí ẹ bá sì parí, ẹ má tíì wa ọkọ̀. Ẹ ti ti ẹnu kalípà sẹ́yìn kí páàdì tuntun tó lè wọlé, nítorí náà àkọ́tẹ̀ yín máa lọ sílẹ̀ pátápátá, bíréèkì ò sì ní mú. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra lójú kan, títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ tó fi ọkọ̀ sí jíà.